Iná Lọ, Rólà Kò Dúró

Kò sí ẹni tó bá Ràbíátù jà nítorí ìka rẹ̀ méjì tó lọ. Bóyá bí wọ́n bá tiẹ̀ bá a jà, ọkàn rẹ̀ ì bá fúyẹ́ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tó ń bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Dopemu gbé e dé ọsibítù lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì dúró tì í títí ojú egbò fi jiná. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi í sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì. Gbogbo wọn ló ń rọra bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá abiyamọ tuntun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́, ìyẹn ló sì ń dùn ún ju egbò lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ láti ọjọ́ náà, kò sì yí i padà rí: "Iná ti lọ kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ."

Ẹ̀rọ rólà ni. Irin róbótó méjì tó nípọn bí itan àgbàlagbà ló sùn ti ara wọn bí ọmọ odó. Àárín wọn ni wọ́n ń ki ìyẹ̀fun pípò bọ̀. Á wọlé lápá kan, á jáde lápá kejì, wọ́n á ká a, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dán tí yóò sì máa fà bíi rọ́bà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rólà náà ni àgbá irin ńlá kan wà tí bẹ́líìtì mọ́tò ń yí, òun ló sì ń yí rólà. Ràbíátù ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ yìí. Ó mọ ohùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó ti kó ìyẹ̀fun kan jáde tán, wọn kò sì tíì gbé òmíràn dé, ni iná lọ. Gílóòbù kú, fáànù kú, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun dákẹ́, rédíò dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù pariwo bí ìṣe wọn, wọ́n sì ń tú jáde lọ gba atẹ́gùn. Ràbíátù rí ìyẹ̀fun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ rólà. Ó ní kí òun tètè ha á kúrò kó tó gbẹ, bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà. Ibẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì tíì mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn náà. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, rólà ti gba ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fà wọ́n lọ láìpariwo, bí ẹni tó ń gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀gá Ọlọ́runníyì, ará Oǹdó tó jẹ́ alábòójútó ilé iṣẹ́ náà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló fi gbé Ràbíátù lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ àlàyé obìnrin náà, ó mi orí.

"Ẹ̀rọ tí kò níná, òkú irin ni," ló wí fún àwọn òṣìṣẹ́. "Òkú irin kì í jẹ èèyàn lọ́wọ́. Ìyá Uswat ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí iná tó lọ ni. Ìrora ló da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lórí."

Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti wà níbẹ̀, bí iná bá ti lọ, rólà á dúró gbọin. Kí ni Ràbíátù fẹ́ sọ sí i? Òun náà ti rí i bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Làsísì, ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé ní Agege ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò pe ìyàwó rẹ̀ ní òpùrọ́ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ọlọ́run ló kó ọ yọ, Ràbí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kọ́ ló ṣe pàtàkì." Ṣùgbọ́n Ràbíátù gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń sọ fún aládùúgbò wọn nínú ṣọ́ọ̀bù pé, "Ó kánjú ni. Ẹ mọ àwọn obìnrin wa tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ wọ́n lára." Ràbíátù dúró lórí àtẹ̀gùn, garawa omi lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀ títí àlejò náà fi lọ.

Ìgbà tó yá, ohun tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ wá bẹ̀rẹ̀. Òun náà kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá kírun tán, á jókòó sórí ẹní, á máa ro ọjọ́ náà. Ṣé lóòótọ́ ni rédíò ti dákẹ́? Àbí ẹ̀yìn ìgbà tó kígbe ni rédíò dákẹ́? Nígbà mìíràn á rí i kedere pé gílóòbù ti kú. Nígbà mìíràn á rí ìmọ́lẹ̀ lórí ìyẹ̀fun funfun náà. Ó wá dà bí ẹni tí kò lè fi ojú ara rẹ̀ jẹ́rìí mọ́. Ó dẹ́kun àtimáa sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìka, á ní, "Ẹ̀rọ ni," á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Uswat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní SS2 nílé ìwé kan ní Ọgbà. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ mú, kì í fi í sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wọlé tàṣọ-tàṣọ ilé ìwé, kò sọ báàgì kalẹ̀, kò béèrè oúnjẹ.

"Màámi, àgbá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rólà yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ràbíátù ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ kàn sọ fún mi."

"Uswat, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yìí mọ́."

Ọmọ náà kò jiyàn. Ó lọ bọ́ aṣọ ilé ìwé, ó jẹun, ó fọ àwo. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa fi gbójú sókè lójú fèrèsé, ó rí i nísàlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ti yá kẹ̀kẹ́ ológeere aládùúgbò wọn, tó sì dorí rẹ̀ kodò, táyà méjèèjì kọjú sí ọ̀run. Ó ń fi okùn so àwọn bóòtù irin tí bàbá rẹ̀ kó sínú agolo mọ́ sípóòkù táyà ẹ̀yìn.

"Kí lò ń fi kẹ̀kẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣe?" Ràbíátù sọ̀kalẹ̀ wá.

"Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí Tíṣà Bọ́dúndé ṣe fún wa lónìí nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn wò ó."

Ó ti so àwọn bóòtù náà mọ́ ìdí sípóòkù, ní tòsí àárín. Ó fi ọwọ́ yí táyà, ó yí wììì. Lẹ́yìn náà ó gbé pákó pẹlẹbẹ kan, ó rọra fi kan rọ́bà táyà. Kò pẹ́ rárá, táyà dúró.

Ó tú àwọn bóòtù náà, ó sún wọn lọ sí etí táyà lọ́hùn-ún, ó tún so wọ́n yíká. Nígbà tó fẹ́ yí i, ó ní láti di ẹsẹ̀ mú ilẹ̀ dáadáa. Táyà náà lọ́ tìkọ̀, ó rọra gbéra, ó sì wá ń sáré. Uswat gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún fi pákó kàn án bíi ti àkọ́kọ́. Táyà náà gbọn pákó dànù, ó ń yí lọ.

"Bóòtù kan náà ni, Màámi. Mi ò fi ọ̀kan kún un. Ibi tí wọ́n wà ló yàtọ̀."

Ràbíátù ń wo táyà.

"Tíṣà wa ní ohun tó dúró kò fẹ́ gbéra, ohun tó bá sì ti ń yí kò fẹ́ dúró. Agídí yẹn ni wọ́n ń pè ní ìnáṣíà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ohun tó ń yí ni, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó nìkan là ń wò. Ibi tí ìwúwo náà wà là ń wò. Bó ṣe jìnnà sí àárín tó ni agídí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Bó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, agídí rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin."

"Mẹ́rin kẹ̀?" Ohùn Làsísì ni, láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti dá iṣẹ́ dúró láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. "Kí ló dé tí kì í ṣe méjì?"

"Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni jíjìnnà yẹn ń ṣiṣẹ́, Bàámi. Bóòtù tó wà létí ń sáré ju tàárín lọ, nítorí pé ọ̀nà tó ń rìn kó tó yípo tán ló gùn jù. Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa ń fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí?"

"Etí rẹ̀ ni. Ta ló máa fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ híńjì? Èèyàn á tì í títí yóò fi làágùn."

"Ohun kan náà ni: agbára tó bá jìnnà sí àárín ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bóòtù tó wà létí, bó bá ń fa táyà lọ, ibi tí agbára ń ṣiṣẹ́ jù ló ti ń fà á."

Làsísì jáde síta. Òun náà dúró ti kẹ̀kẹ́ náà. Táyà ṣì ń yí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Nígbà tí mo rí i nílé ìwé," Uswat wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "Tíṣà béèrè lọ́wọ́ wa pé, 'Ta ló ń yí i báyìí?' Gbogbo kíláàsì ní kò sẹ́nikẹ́ni. Ọwọ́ yín ni mò ń rò."

Ràbíátù rọra jókòó sórí pákó tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára táyà. Nǹkan kan padà wá bá a. Rédíò ti dákẹ́ nítòótọ́. Ohùn àwọn èèyàn tó ń jáde lọ sí ìta ló ń gbọ́, àti nísàlẹ̀ ohùn wọn, ìró kékeré kan, bí ẹni ń mí. Ó ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Kò mọ ohun tó jẹ́ ni.

"Ṣùgbọ́n ó máa ń dúró," ló wí, bí ẹni tó ń bẹ̀rù láti gba ẹ̀bùn. "Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Bí iná bá lọ, ó máa ń dúró."

"Pẹ̀lú àgbá yẹn náà?"

Ràbíátù ṣẹ́jú. Àgbá yẹn. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí rólà tó gba ìka rẹ̀, ni àgbá àtijọ́ sán, tí Déolú, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, lọ wá òmíràn. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Tuntun yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án ní ìbàdí, etí rẹ̀ sì ki pọ́pọ́. Inú gbogbo wọn dùn sí i nígbà náà, nítorí pé rólà kò ta gìrì mọ́ bí ìyẹ̀fun tó le bá wọ̀ ọ́.

"Ṣé ìyẹ̀fun wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Uswat tún béèrè.

"Kò sí. Mo ti kó o jáde tán."

"Ẹ ò rí i? Bí ìyẹ̀fun bá wà níbẹ̀, bíréèkì nìyẹn. Á tètè dá a dúró. Ọjọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ṣófo, àgbá ńlá ló sì ń tì í."

Làsísì ń wo ilẹ̀.

Ayọ̀ yẹ kó jẹ́ ti Ràbíátù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Orí òun kò dàrú. Ojú òun kò purọ́ fún òun. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ro ẹ̀wà lórí iná, ayọ̀ náà yọ́ dànù. Olúwafúnkẹ́mi ni wọ́n fi sípò rẹ̀ nídìí rólà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọdún kan lọ nílé ọkọ. Ràbíátù fúnra rẹ̀ ti rí i láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí iná lọ, tí ọmọ náà ń fi ọwọ́ lásán nu rólà, tó ń kọrin. Kí ló máa jẹ́ kó bẹ̀rù? Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti sọ fún un pé ẹ̀rọ tí kò níná, òkú irin ni. Orí ìka Ràbíátù ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ òdì náà.

Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó tún ti gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ dé, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ó mọ bí ìwò yẹn ṣe rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó wọ aṣọ iṣẹ́, ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Ọ̀gá Ọlọ́runníyì.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Uswat. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rólà ni mo bá wá, sà."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ìyá Uswat, mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tán."

"Tèmi ti tán, sà. Ìka ti lọ, kò lè hù mọ́. Ti Fúnkẹ́mi ni mo wá bá yín sọ."

Ó hàn pé ọ̀gá náà ń wá ọ̀nà tí yóò fi pẹ̀lẹ́tù lé e jáde. "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Ẹ pe Déolú. Kí wọ́n tan ẹ̀rọ láìsí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀. Kí wọ́n pa á láti ara ògiri. Kí gbogbo wa dúró kí á wò ó. Bó bá dúró lójú ẹsẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé."

Bóyá nítorí "láéláé" tó gbọ́ yẹn ni ọ̀gá ṣe dìde. Wọ́n pe Déolú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí epo dúdú kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pagbo. Olúwafúnkẹ́mi wà láàárín wọn, ó so fìlà ọ̀rá mọ́rí. Wọ́n tan ẹ̀rọ, ó ké, àgbá irin sì gba eré. Ràbíátù ti mú ọmọ orógùn kan dání ní ọwọ́ òsì.

"Ẹ pa á."

Déolú pa á láti ara ògiri. Mọ́tò dákẹ́. Ìró kékeré yẹn ló kù, ìró bí ẹni ń mí, wọ́n sì rí i pẹ̀lú ojú ara wọn: rólà ń yí. Ọ̀gá Ọlọ́runníyì wo ara ògiri, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo ara ògiri, bí ẹni pé ẹnìkan ń tan òun jẹ. Ó ṣì ń yí. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn. Ó ṣì ń yí. Ràbíátù na ọwọ́ láti òkèèrè, ó fi ìdí orógùn kan ẹnu rólà. Rólà gbà á. Igi náà wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì kán pẹ́ẹ́ láàárín wọn.

Olúwafúnkẹ́mi fi ọwọ́ méjèèjì há abẹ́ apá.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ lásán..." Kò parí rẹ̀.

Déolú ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Èmi ni mo gbé àgbá yìí wá. Mo wá èyí tó tóbi kí ẹ̀rọ má baà máa ta gìrì. Mi ò rò ó pé ohun tó ń jẹ́ kó fa ìyẹ̀fun líle náà ni kò ní jẹ́ kó dúró. Màmá, ẹ forí jì mí."

"O ò mọ̀," ni Ràbíátù wí. "Èmi náà ò mọ̀."

Ọ̀gá Ọlọ́runníyì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún àkókò tó ju èyí tó yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́.

"Mo sọ ọ̀rọ̀ kan níbí pé òkú irin kì í jẹ èèyàn lọ́wọ́. Mo ṣì í sọ. Obìnrin yìí sọ òótọ́ fún wa, a ní ìrora ló dà á lórí rú. Àgbá àtijọ́ la mọ̀, àwa sì ń fi ìmọ̀ ti àtijọ́ ṣèdájọ́ tuntun." Ó yíjú sí i. "Ìyá Uswat, ẹ má bínú."

Ràbíátù ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ti ro ohun tí yóò sọ bó bá dé, àwọn ọ̀rọ̀ tó gún, tó mú. Nígbà tó dé, ó kàn rẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan bò ó, sà," ló wí. "Kí wọ́n tó tún tàn án."

Wọn kò fi rólà ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Déolú fi irin oníhò-hò ṣe ìbòjú sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí yóò máa dá àgbá dúró ni gbogbo wọn ń jiyàn lé lórí, Déolú sì ń ronú àtifi í sára irin àárín tí àgbá ń yí lé. Làsísì ló wá bá wọn níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó gbé igi líle kan sí èjìká, ó ti fá a, ó ti fi rọ́bà táyà àtijọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ má fi sí àárín," ló sọ fún Déolú. "Ìyẹn dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ híńjì. Etí ni kẹ́ ẹ fi sí. Etí ni agbára kékeré ti lè dá ohun ńlá dúró. Ọmọ mi ló sọ fún mi."

Wọ́n jọ dè é mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ tí wọ́n sì pa á, Làsísì kò tẹ igi náà fúnra rẹ̀. Ó ní kí Ràbíátù wá tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún tó ku ìka mẹ́ta ló fi dì í mú. Ó tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà kan etí àgbá, ó dún fùùù, àgbá irin náà lọ́ra, ó lọ́ra sí i, ó dúró. Olúwafúnkẹ́mi pàtẹ́wọ́.

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà sílé, òun àti ọkọ rẹ̀, gba Dopemu kọjá láàárín àwọn tó ń pàtẹ ọjà ìrọ̀lẹ́. Làsísì kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí èrò ti pọ̀ jù, ibi tí èèyàn ti lè sọ ohun tó wúwo láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́.

"Ràbí, ó yẹ kí n ti gbà ọ́ gbọ́ kí ọmọ tó ti ilé ìwé dé."

Ràbíátù kò fẹ́ purọ́ pé kò dun òun, kò sì fẹ́ jà.

"Ó yẹ," ló wí níkẹyìn.

Ọkọ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀ lápá òsì. Làsísì na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, èyí tí kò tíì dì mú láti ìgbà tí wọ́n ti tú báńdéèjì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n dúró kí ọkọ̀ kọjá, wọ́n sì jọ sọdá títì náà.